Ọ̀sán ní Ọgbà Àjàrà, Ìrọ̀lẹ́ ní Bèbè Odò: Ìrìn-Àjò Ọjọ́ Kan ní Stellenbosch

Ìgbà kan wà tí ìwé ìrìnnà ọmọ Nàìjíríà kò gbà á láyè láti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà. Àwọn tí wọ́n ti dàgbà tó láti rántí mọ ìdí rẹ̀. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó wà níbẹ̀ nígbà náà, ìjọba tí ó sọ ọmọ onílẹ̀ di àlejò nínú ilé baba rẹ̀. Ní ọdún 1976, ìjọba àpapọ̀ wa dá àpò ìrànwọ́ kan sílẹ̀ fún àwọn tí ìyà ń jẹ ní apá ìsàlẹ̀ Áfíríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì dá owó sí i. Ní ọdún kan náà ni Nàìjíríà kọ̀ láti kópa nínú ìdíje Òlíńpíìkì ní Montreal, nítorí pé wọ́n gba New Zealand láyè níbẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ti lọ bá àwọn ẹlẹ́yàmẹ̀yà ṣeré.

Ilẹ̀kùn náà ti ṣí. Láti ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti dìbò ní Gúúsù Áfíríkà ní ọdún 1994, ọmọ Nàìjíríà oníṣòwò, akẹ́kọ̀ọ́ àti dókítà ti di ẹni tí a ń rí ní ìlú ńláńlá ibẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dé Cape Town, tí ó ní ìsinmi ọjọ́ kan, kì í pẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ yóò fi sọ fún un pé kí ó jẹ́ kí àwọn wa ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀ ọlọ́gbà àjàrà, kí àwọn jẹun ọ̀sán ní ibi tí a ti ń pọn ọtí wáìnì, kí àwọn sì fi ẹsẹ̀ rìn ní bèbè odò kí oúnjẹ náà lè dà. Ìgbádùn ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí òbí rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n dá owó ní ọdún 1976 kò lè jókòó sídìí tábìlì yẹn bí àlejò lásán. Ó yẹ kí ó mọ ọwọ́ tí ó gbin igi náà, kí ó tó gbé ife sẹ́nu.

TA NI YÓÒ WA ỌKỌ̀?

Nǹkan bí 50 kìlómítà ni ó wà láàrin Cape Town àti Stellenbosch. Bí ọ̀nà kò bá dí, ìrìn náà kì í tó wákàtí kan. Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tí wọ́n gbọ́n máa ń ṣe kí wọ́n tó kúrò nílé ni pé kí wọ́n yan ẹni tí kò ní fi ẹnu kan ọtí ní ọjọ́ náà. Òfin ilẹ̀ náà kò gbà kí ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tó 0.05 gíráàmù nínú 100 mìlílítà wa ọkọ̀, ife wáìnì méjì péré sì lè gbé ènìyàn dé ibẹ̀. Bí gbogbo wọn bá fẹ́ mu, wọn a háyà awakọ̀, tàbí kí wọ́n wọ ọkọ̀ àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa kó àlejò kiri ọgbà àjàrà. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Awakọ̀ tí ó ti Nàìjíríà wá tún ní ìdí mìíràn láti ṣọ́ra. Apá òsì ọ̀nà ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe títí di ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972 tí a yí padà sí apá ọ̀tún. Ọwọ́ àti ojú tí ọ̀nà Kaduna sí Zaria ti mọ́ lára kì í tètè gbàgbé àṣà rẹ̀. Kò yẹ kí a tún da ọtí lé e.

Bí ọkọ̀ bá gba ọ̀nà ńlá tí wọ́n ń pè ní N2 jáde láti àárín ìlú, yóò kọjá ní ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú. Níbẹ̀ ni àlejò yóò ti rí ohun tí kò sí nínú àwòrán tí wọ́n fi ń polówó ilẹ̀ náà: ahéré onípáànù tí ó fara ti ara wọn títí tí ojú kò fi lè rí òpin wọn. Ọ̀kan nínú àwọn àdúgbò tí ó wà ní apá ibẹ̀ ni Khayelitsha, orúkọ tí ó túmọ̀ sí "ilé tuntun" ní èdè Xhosa. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó dá a sílẹ̀ ní ọdún 1983, kí ó lè kó àwọn ènìyàn dúdú jìnnà sí àárín Cape Town. Nígbà tí ó bá ṣe díẹ̀, ọkọ̀ yóò yà kúrò ní ọ̀nà ńlá, òkè gàgàrà yóò yọ ní iwájú, igi àjàrà yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò lọ ní ìlà-ní-ìlà bí ẹni pé okùn ni a fi wọ̀n wọ́n. Láti ilé páànù dé ọgbà àjàrà kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹni tí kò bá sùn nínú ọkọ̀ ti rí ìdajì ìtàn náà kí ó tó sọ̀kalẹ̀.

ÌLÚ ABẸ́ IGI ÓÁKÙ

Simon van der Stel, ẹni tí ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Họ́láńdì rán wá láti máa ṣe olórí Cape, ni ó dá ìlú Stellenbosch sílẹ̀ ní ọdún 1679, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ pè é. Igi óákù tí wọ́n gbìn sí ẹ̀gbẹ́ títì pọ̀ níbẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń pe ìlú náà ní ìlú igi óákù. Ilé àtijọ́ tí a kùn ní ẹfun, tí a fi koríko bò lórí, wà níbẹ̀ títí di òní. Yunifásítì ńlá kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, tí ó lókìkí nípa ẹ̀kọ́ ọ̀gbìn àjàrà àti ọtí pípọn. Ìlú tí ó mọ́ tónítóní ni, òjìji igi rẹ̀ sì dùn ún rìn lábẹ́ rẹ̀ ní àárọ̀.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ náà kò ṣófo kí van der Stel tó dé. Àwọn Khoikhoi, tí wọ́n jẹ́ darandaran, ni wọ́n ń da màlúù àti àgùntàn wọn káàkiri àfonífojì wọ̀nyí. Nígbà tí àwọn ará Họ́láńdì bẹ̀rẹ̀ sí í fi oko dí ọ̀nà omi àti pápá mọ́ wọn, ogun bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1659. Àwọn Khoikhoi kò rí ilẹ̀ wọn gbà padà.

Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní àárín ìlú Stellenbosch fúnra rẹ̀, ní ìgbà tí kò tíì pẹ́ rárá. Àdúgbò kan wà tí wọ́n ń pè ní Die Vlakte. Àtọmọdọ́mọ ẹrú, ti Khoikhoi àti ti àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn pòpọ̀ mọ́ ti aláwọ̀ funfun ni wọ́n pọ̀ jù níbẹ̀. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ní ìsọ̀, wọ́n ní mọ́sáláṣí àti ilé sinimá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1964, ìjọba kéde pé ilẹ̀ náà di ti aláwọ̀ funfun nìkan. Nǹkan bí 3,700 ènìyàn ni wọ́n lé kúrò, tí wọ́n sì kó lọ sí Cloetesville àti Idas Valley ní ẹ̀yìn ìlú. Ilé yunifásítì wà lára ohun tí ó dúró lórí ilẹ̀ náà lónìí. Àwọn tí wọ́n mọ Bíbélì yóò rántí Náboti, ẹni tí ó kọ̀ láti ta ogún baba rẹ̀ fún ọba Ahabu, àti ohun tí wọ́n fi ṣe é nítorí ọgbà àjàrà kan.

LÁTI ORÍ IGI DÉ INÚ IFE

Ní agogo mọ́kànlá tàbí kí ó lé díẹ̀, àlejò yóò ti wọ ọgbà àjàrà tí ó yàn. Ọgbà náà pọ̀ ní agbègbè ìlú yìí, púpọ̀ nínú wọn ni ó sì ní ilé oúnjẹ àti ibi ìtọ́wò. Bí ó bá jẹ́ láti ìparí oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta ni ó dé, yóò bá ìkórè lójú ọ̀nà. Kùtùkùtù ni àwọn akórè ń bọ́ sóko, kí oòrùn tó mú, nítorí pé èso tí ó bá gbóná kì í fún ni ní ọtí tí ó dára.

Kò yẹ kí ọmọ Yorùbá ro pé idán kan wà nínú ọtí wáìnì. Iṣẹ́ tí ó ń lọ nínú akèrègbè ẹlẹ́mu ni ó ń lọ nínú àgbá wọn. Ẹlẹ́mu á fi igbà gun ọ̀pẹ ní ìdájí, á gbé ẹmu tí ó dùn bí oyin sọ̀kalẹ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, ẹmu náà á ti kan. Àwọn tí wọ́n ń gbé ní Jos tàbí Makurdi sì ti rí bí àwọn ìyá ṣe ń fi ọkà bàbà pọn bùrùkùtù. Ohun kan náà ni ó ń ṣiṣẹ́ nínú gbogbo wọn: ìwúkàrà ń jẹ adùn, ó ń sọ ọ́ di ọtí. Ibi tí wáìnì ti yàtọ̀ ni sùúrù. Ẹmu kò lè dúró di ọ̀la, ṣùgbọ́n wáìnì pupa lè sùn nínú àgbá igi óákù fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó rọ ọ́ sí ìgò, kí ó sì tún sùn níbẹ̀.

Ohun mìíràn tí ó máa ń ya àlejò lẹ́nu ni pé omi inú èso àjàrà pupa kì í sábà pupa. Inú èèpo ni àwọ̀ wà. Bí wọ́n bá fún omi náà jáde kíákíá, ọtí funfun ni yóò jẹ́. Bí wọ́n bá fi èèpo sílẹ̀ nínú rẹ̀ bí ó ti ń hó, yóò pupa, yóò sì le lẹ́nu.

Ní Stellenbosch, ọtí kan wà tí wọ́n fi ń yangàn pé ti àwọn ni. Orúkọ rẹ̀ ni Pinotage. Ní ọdún 1925 ni ọ̀jọ̀gbọ́n Abraham Perold ti yunifásítì ìlú náà mú irú àjàrà méjì tí ó ti ilẹ̀ Faransé wá, ó sì fi ọ̀kan gba èkejì lóyún, bí àgbẹ̀ ti máa ń ṣe láti rí irúgbìn tí ó sàn jù. Ọ̀kan nínú àwọn òbí náà jẹ́ ẹlẹgẹ́ tí adùn rẹ̀ jinlẹ̀. Èkejì lágbára, ó sì lè fara da oòrùn. Ọmọ tí wọ́n bí ni Pinotage.

Nígbà ìtọ́wò, wọn yóò gbé ife mẹ́rin tàbí márùn-ún síwájú àlejò, díẹ̀díẹ̀ ni ọtí sì máa ń wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkíní, a ó wo àwọ̀ rẹ̀. Èkejì, a ó yí ife náà po, a ó sì gbóòórùn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, a ó mu díẹ̀, a ó jẹ́ kí ó kárí ẹnu. Ẹni tí kò bá fẹ́ gbé e mì lè tu ú sínú ohun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún un. Kì í ṣe àfojúdi sí ẹni tí ó pọn ọtí náà. Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà jù lọ ni wọ́n ń tu ú jù. Ẹni tí kò bá sì mu ọtí rárá, ìbáà jẹ́ nítorí ẹ̀sìn tàbí nítorí ìlera, yóò rí omi àjàrà tí kò tíì kan mu, kò sì sí ẹni tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà.

OÚNJẸ Ọ̀SÁN ÀTI ÀWỌN TÍ WỌ́N SÈ É

Lábẹ́ igi ni wọ́n sábà máa ń tẹ́ tábìlì sí. Bí oúnjẹ ìbílẹ̀ Cape bá wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí bobotie wà lára rẹ̀: ẹran lílọ̀ tí a fi kọ́rì àti èròjà olóòórùn dídùn sè, tí a fi èso àjàrà gbígbẹ sí, tí a wá da ẹyin àti mílíìkì lé lórí kí a tó yan án. Ìrẹsì tí ó pọ́n bí ẹyin ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́. Adùn rẹ̀ jọ ti ilẹ̀ Íńdíà, ó sì tún jọ ti ibòmíràn, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìtàn. Ilé-iṣẹ́ oníṣòwò Họ́láńdì kó ẹrú wá sí Cape láti Indonesia, láti Íńdíà, láti Madagascar àti láti Mozambique. Inú ilé ìdáná olówó ni púpọ̀ nínú àwọn ẹrú wọ̀nyí ti ṣiṣẹ́. A gba òmìnira lọ́wọ́ wọn, a gba orúkọ lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọbẹ̀ wọn kò ṣeé gbà. Ohun náà ni ó wà nínú àwo títí di òní.

Ọjọ́ méjì wà tí ó yẹ kí àlejò tí ó ti apá ọ̀dọ̀ wa wá fi sọ́kàn. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1658, ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Hasselt gúnlẹ̀ ní Cape. Ẹrú 228 ni ó kó dé, Pópó ni wọ́n sì ti rà wọ́n, ní etíkun tí ó pín sí orílẹ̀-èdè Togo àti Benin lóde òní. Aládùúgbò Yorùbá ni àwọn ènìyàn náà, ìrìn ọjọ́ mélòó kan ni ó wà láàrin ilẹ̀ wọn àti Kétu. Ní ọjọ́ kejì oṣù Kejì ọdún 1659, kí ọdún tó yípo, Jan van Riebeeck tí ó jẹ́ olórí ibẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ìrántí rẹ̀ pé àwọn fún ọtí àkọ́kọ́ láti inú èso àjàrà Cape. Oṣù mẹ́sàn-án péré ni ó wà láàrin ọjọ́ méjèèjì. Ẹni tí ó bá rò pé ọ̀rọ̀ ọgbà àjàrà Cape kò kan etíkun wa, kí ó tún ìṣirò náà ṣe.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 1834 ni òfin tú àwọn ẹrú sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n tún fi ọdún mẹ́rin sìn lábẹ́ orúkọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kí wọ́n tó lómìnira ní ti gidi ní ọdún 1838. Lẹ́yìn ìyẹn, àwọn ọlọ́gbà rí okùn mìíràn tí wọn yóò fi dè wọ́n mọ́lẹ̀. Wọ́n ń fi ọtí san apá kan owó iṣẹ́ wọn. Wọ́n ń bù ú fún wọn láti àárọ̀ títí di alẹ́, lójoojúmọ́. Dop ni wọ́n ń pè é. Òṣìṣẹ́ tí ọtí ti wọ̀ lára kò ní agbára láti lọ wá iṣẹ́ sí ibòmíràn, kò sì ní ohùn láti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1960 ni òfin dẹ́kun àṣà náà, ṣùgbọ́n ní oko mìíràn, kò tán títí di àwọn ọdún 1990. Àmì rẹ̀ sì wà lára àwọn tí kò tíì gbé ayé nígbà náà. Agbègbè yìí wà lára ibi tí ó burú jù lọ ní gbogbo àgbáyé ní ti àwọn ọmọ tí ọtí ti bà jẹ́ láti inú oyún, tí ọpọlọ àti ojú wọn fi hàn pé ìyá wọn mu ọtí nígbà tí ó lóyún wọn.

Kì í ṣe pé kí àlejò wá da oúnjẹ rẹ̀ nù. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnìkan kò bá ní. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn tí ó wà nínú àwo ni ó jẹ ẹ́ tán ní tòótọ́.

NÍ BÈBÈ ODÒ

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹsẹ̀ ni ó kù. Ọkọ̀ yóò gba ojú ọ̀nà Jonkershoek, nǹkan bí kìlómítà mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá sí ìlú, títí dé ẹnu ibodè igbó ọba tí ó wà láàrin òkè méjì. Níbẹ̀ ni àlejò yóò ti san owó ìwọlé, tí yóò sì béèrè ọ̀nà tí ó ṣí sílẹ̀ ní ọjọ́ náà. Oríṣiríṣi ọ̀nà ẹsẹ̀ ni ó wà. Èyí tí wọ́n ń pè ní Tweede Waterval jẹ́ 6.4 kìlómítà, wákàtí méjì sì tó fún un. Èyí tí ó gùn, tí ó yí òkè ká, tó kìlómítà 17, odidi ọjọ́ kan ni ó sì ń gbà. Ẹni tí ó ti jẹun yó kò gbọ́dọ̀ dán ìyẹn wò.

Odò tí ó ń ṣàn ní àfonífojì náà ni Eerste Rivier, èyí tí ó túmọ̀ sí Odò Àkọ́kọ́. Láti inú òkè wọ̀nyí ni ó ti sun, ó gba Stellenbosch kọjá, ó sì lọ dà sínú òkun ní False Bay. Omi rẹ̀ tutù, ó sì pọ́n díẹ̀ bí tíì, nítorí ewé ilẹ̀ náà tí ó ń rẹ sínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti gun Olúmirin ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà rí yóò mọ ìró tí yóò gbọ́ bí ó bá sún mọ́ ibi tí omi ti ń já láti orí àpáta. Ṣùgbọ́n igbó ibẹ̀ kò jọ tiwa. Kò sí ìrókò, kò sí àràbà. Igi kúkúrú tí ewé rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó sì le, ni ó bo ilẹ̀. Fynbos ni wọ́n ń pè é. Irú ewéko tí ó wà ní agbègbè Cape lé ní 9,000, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò sì sí níbòmíràn láyé. Ní ọdún 2004 ni àjọ UNESCO kọ agbègbè ewéko náà mọ́ àwọn ogún tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò.

Ìkìlọ̀ díẹ̀ wà. Kí a wọ bàtà tí ó dì mọ́ ẹsẹ̀, kí a mú omi àti ẹ̀wù òtútù dání, nítorí pé afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń yí padà lójijì. Ìgbà òtútù, láti oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹjọ, ni òjò ibẹ̀ ń rọ̀, àpáta á sì máa yọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni iná igbó ń jà, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju ìdí sìgá sílẹ̀. Kí a má sì ṣe da ìdọ̀tí sínú odò. Àwọn tí wọ́n wà ní Cape Town ní ọdún 2018 kò jẹ́ gbàgbé pé ọ̀dá mú kí ìjọba ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan má lò ju lítà omi 50 lọ lójúmọ́.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe òwe lásán fún ẹni tí ó jókòó sórí àpáta ní Jonkershoek. Omi tí ó ń wò náà ni ó ti ń bomi rin ọgbà àjàrà ìsàlẹ̀ láti nǹkan bí 300 ọdún ó lé. Bí ó ti ń sinmi, yóò máa bi ara rẹ̀ bóyá nǹkan ti yí padà fún àwọn ọmọ tí wọ́n gbin igi náà.

ỌWỌ́ TUNTUN, ÌJÀ ÀTIJỌ́

Nǹkan ti yí padà díẹ̀. Ní ọdún 1999, ọmọbìnrin kan tí ó ti abúlé kan ní KwaZulu-Natal wá, Ntsiki Biyela, rí ìrànwọ́ ẹ̀kọ́ gbà láti kọ́ iṣẹ́ ọtí wáìnì ní yunifásítì Stellenbosch. Èdè Afrikaans ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbẹ̀, kò sì gbọ́ èdè náà. Ó fara dà á, ó jáde ní ọdún 2003, ó sì di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá apọntí wáìnì ní Gúúsù Áfíríkà. Ní ọdún 2009, wọ́n fi í jẹ obìnrin apọntí tí ó ta yọ jù lọ ní ọdún náà. Nígbà tí ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, Aslina, ni ó fi sọ ọ́. Ìgò tí ó ní orúkọ ìyá àgbà dúdú lára ń lọ sí orílẹ̀-èdè òkèèrè lónìí, láti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi ọtí san owó iṣẹ́ fún irú ìyá àgbà bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n kò tíì yí padà tó. Ní De Doorns, ibi tí wọ́n ti ń gbin àjàrà jíjẹ ní ìpínlẹ̀ kan náà, àwọn òtòṣì dojú kọ àwọn òtòṣì ní oṣù Kọkànlá ọdún 2009. Nǹkan bí 3,000 ọmọ Zimbabwe tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ oko níbẹ̀ ni wọ́n lé kúrò nínú ahéré wọn, pẹ̀lú ẹ̀sùn pé wọ́n ń gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìlú yìí kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ oko ti bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì. Owó tí òfin ní kí wọ́n máa gbà fún iṣẹ́ òòjọ́ nígbà náà jẹ́ Rand 69. Wọ́n béèrè fún 150. Ìjọba sọ ọ́ di 105 ní oṣù Kẹta ọdún 2013. Bí a bá fi ọdún méjèèjì wé ara wọn, ẹ̀kọ́ náà hàn kedere. Lílé tí wọ́n lé àlejò kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí wọ́n jùmọ̀ dojú kọ ọ̀rọ̀ owó náà gan-an ni nǹkan mì.

Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwọn tí wọ́n fi ilé sílẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ẹni tí ó ń gbé ní Kano, ní Jos tàbí ní Port Harcourt, tí ó ti ná ọjà ibẹ̀ fún ogún ọdún, mọ̀ pé nígbà tí nǹkan bá le, àlejò ni a kọ́kọ́ máa ń na ìka sí. Ó sì yẹ kí òun náà bi ara rẹ̀ léèrè iye tí ó ń san fún ọmọ tí ó ń bá a ru ẹrù, tàbí fún ẹni tí ó ń bá a ro oko.

Ọ̀NÀ ILÉ

Ó dára kí ọkọ̀ kúrò ní Stellenbosch kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí àyè bá wà, a lè gba apá Franschhoek àti Paarl yípo. Ní ojú ọ̀nà yẹn ni ọgbà ẹ̀wọ̀n tí Nelson Mandela ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kejì ọdún 1990 wà, lẹ́yìn ọdún 27 ní àhámọ́. Ọgbà àjàrà ni ó yí agbègbè náà ká. Wọ́n ti gbé ère rẹ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ tí ó nà sókè, àlejò sì lè dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀ níbẹ̀.

Àwọn nǹkan kéékèèké wà tí ó wà ní ìkáwọ́ àlejò. Kí ó béèrè lọ́wọ́ ọlọ́gbà bóyá àwọn òṣìṣẹ́ ní ìpín nínú ilẹ̀ tàbí nínú èrè, nítorí pé irú oko bẹ́ẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ ra ìgò kan lọ sílé, kí ó ra ti àwọn tí wọ́n dáhùn dáadáa. Kí ó fún ẹni tí ó gbé oúnjẹ wá ní owó ọpẹ́. Kí ó sì mọ ìwọ̀n ara rẹ̀ nídìí ọtí, nítorí pé ilẹ̀ yìí ti rí ohun tí ọtí àmujù lè ṣe fún odidi ìran.

Ní ìrọ̀lẹ́, ọ̀nà N2 kan náà ni gbogbo wọn yóò gbà padà. Iná yóò ti tàn nínú ahéré Khayelitsha. Ọkọ̀ tí ó kó àwọn òṣìṣẹ́ bọ̀ láti ibi iṣẹ́ yóò máa bá ọkọ̀ àwọn àlejò rìn ní ẹ̀gbẹ́ kan náà. Ẹni tí ó wà nídìí ọkọ̀, tí kò fi ẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀, ni yóò rí wọn jù lọ. Bí ó bá dé ilé, tí wọ́n bi í bóyá ọtí ibẹ̀ dùn, kò ní lè sọ. Ṣùgbọ́n yóò lè sọ àwọn tí wọ́n pọn ọ́.